Jíà tí ó Há tí Kò sì Dúró: Ohun tí ó Ń Gbé Ọkọ̀ Adáyí Lọ nígbà tí Iná Ìdarí Rẹ̀ Bá Kú

1. Ìfáárà

Nínú gbogbo ẹ̀yà ara ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, jíà tí ń dá ara rẹ̀ yí padà wà lára èyí tí àwọn olówó ọkọ̀ ń bẹ̀rù àìsàn rẹ̀ jù. Ìbẹ̀rù náà kò ṣàìní ìdí. Títú irú jíà bẹ́ẹ̀ palẹ̀ ń gba owó, ó ń gba ọjọ́, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tú ni ó mọ̀ ọ́n tò padà. Àmì àìsàn kan wà tí ó sábà máa ń mú kí wọ́n tètè gbà pé ọjọ́ títú ti dé. Ọkọ̀ a ṣàdédé jáwọ́ nínú yíyí jíà. Iná kékeré kan a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú níwájú awakọ̀. Bí ọkọ̀ bá dúró tí ó tún fẹ́ gbéra, a wúwo bí ẹni tí ó ru ìtì igi. Bí ó bá sì gbéra tán, jíà kan ṣoṣo ni yóò máa lò títí dé ibi tí ó ń lọ. Ẹni tí ó bá ní jíà náà ti há kò purọ́.

Ohun tí ó yẹ fún àkíyèsí ni pé ọkọ̀ náà ṣì ń lọ. Bí jíà bá ti bàjẹ́ ní tòótọ́, tí kílọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀ ti jóná tàbí tí irin inú rẹ̀ ti ṣẹ́, kò sí ìdí tí ọkọ̀ yóò fi dé ilé. Àlàyé tí ìwé yìí fẹ́ ṣe ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, híhá yìí kì í ṣe ìbàjẹ́ jíà rárá. Ipò kan ni, tí àwọn tí wọ́n ṣe jíà náà ti yàn sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó kúrò lọ́dọ̀ wọn, fún ọjọ́ tí iná ìdarí bá kú. Ìpinnu yẹn wà nínú sípíríǹgì àti nínú ojú ọ̀nà òróró. Kò sí nínú ọgbọ́n kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí wọ́n yàn, àti ìdí tí wọ́n fi yàn án, yóò lè mọ ìyàtọ̀ láàrin jíà tí ó ń ṣàìsàn àti jíà tí ó kàn ń dúró de ẹni tí yóò fún un ní àṣẹ.

Kí ọ̀rọ̀ tó lọ jìnnà, ó yẹ kí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ díẹ̀ ṣáájú. Jíà adáyí ni orúkọ tí ìwé yìí fún èyí tí àwọn awakọ̀ ń pè ní ọ́tò. Ọpọlọ ni kọ̀ǹpútà kékeré tí ń darí rẹ̀. Àwọn mẹ́káníìkì ti ń lo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún un tipẹ́, kò sì sí ohun tí ó dé tí ẹnikẹ́ni yóò fi máa wá òmíràn kiri. Sọ́lẹ́nọ́ìdì ni wáyà tí wọ́n wé mọ́ irin kékeré kan: bí iná mànàmáná bá gba inú wáyà náà kọjá, irin náà di òòfà, òòfà a sì fa fáàfù kékeré kan kúrò ní ibi tí sípíríǹgì tì í sí. Bí iná bá kúrò, sípíríǹgì a dá fáàfù náà padà. Níbikíbi tí ‘òróró’ bá ti jẹ yọ nínú ìwé yìí, òróró jíà ni; ‘ipá òróró’ sì ni bí pọ́ǹpù ṣe fún un le tó.

2. Jíà adáyí ṣáájú iná

Hydra-Matic ti ilé-iṣẹ́ General Motors, èyí tí ó jáde ní 1939 fún ọkọ̀ Oldsmobile ti ọdún 1940, ni ó sọ jíà adáyí di ohun tí ará ìlú Amẹ́ríkà lè rà. Kò sí wáyà kankan nínú ìdarí rẹ̀. Pọ́ǹpù tí ẹ́ńjìnnì ń yí ni ó ń fún òróró ní ipá. Òróró náà a máa gba ojú ihò tóóró inú àwo irin kan kọjá, inú àwọn ihò náà sì ni àwọn fáàfù wà, tí sípíríǹgì ń tì láti ẹ̀gbẹ́ kan. Ipá òróró kan ń pọ̀ sí i bí eré ọkọ̀ ṣe ń pọ̀ sí i. Òmíràn ń pọ̀ sí i bí awakọ̀ ṣe ń tẹ tírótù. Àwọn méjèèjì dojú kọ ara wọn níbi fáàfù kan náà. Nígbà tí ti eré bá borí, fáàfù náà a yẹ̀, òróró a rí ọ̀nà lọ sọ́dọ̀ kílọ́ọ̀ṣì mìíràn láti fún un pọ̀, jíà a sì yí.

Ẹ̀yà kan wà nínú irú jíà yìí tí kò dà bí ohun bàbàrà, ṣùgbọ́n òun ni ó ṣe pàtàkì jù sí ohun tí a ń wí: fáàfù tí ọ̀pá jíà ọwọ́ awakọ̀ so mọ́. Irin tàbí okùn irin ni ó so wọ́n pọ̀. Bí awakọ̀ bá fi ọ̀pá sí R, fáàfù náà a yọ́ sí ibi tí òróró yóò fi gba ọ̀nà ìrìn ẹ̀yìn. Bí ó bá fi í sí N, ọ̀nà a pa. Kò sí ẹni tí fáàfù yìí ń gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ju ọwọ́ awakọ̀ lọ.

Renault 16 TA ti ọdún 1969 wà lára àwọn ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ fi iná darí jíà wọn, ṣùgbọ́n láàrin nǹkan bí 1980 sí 1995 ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ yí sí ọ̀nà náà. Ọ̀nà tí wọ́n gbà yí ni ó yẹ kí ènìyàn wò fínnífínní. General Motors gbé jíà kan jáde ní 1982 tí wọ́n pè ní 700R4, tí òróró nìkan ń darí. Ní 1990 wọ́n yí orúkọ rẹ̀ sí 4L60. Ní 1993 ni 4L60-E dé, tí ‘E’ rẹ̀ dúró fún iná. Jíà inú rẹ̀ kò yí padà: ìwọ̀n 3.06 fún jíà kìíní tí ó wà nínú ti 1982 náà ni ó wà nínú ti 1993. Pọ́ǹpù ṣì wà, kílọ́ọ̀ṣì ṣì wà, òróró ṣì ni ó ń fún kílọ́ọ̀ṣì pọ̀, ọ̀pá awakọ̀ ṣì so mọ́ fáàfù rẹ̀. Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ òróró tí wọ́n gbé fún iná ni wíwọn eré ọkọ̀, wíwọn tírótù, àti pípinnu ìgbà tí ó yẹ kí jíà yí. Iná di ìránṣẹ́ tí ń jẹ́ iṣẹ́ ọpọlọ. Kò fìgbà kan ru ẹrù. Nítorí náà, nígbà tí ìránṣẹ́ bá kú, alágbára tí ń ru ẹrù kò bá a kú.

Àmọ́ ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ṣì máa ṣiṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì ni ó ń yí pọ́ǹpù. Bí bátìrì bá kú pátápátá tí ẹ́ńjìnnì sì dákẹ́, kò sí ipá òróró mọ́, ọ̀rọ̀ sì parí. Ìdí nìyí tí títì kò fi ń jí ọkọ̀ adáyí òde òní. (Hydra-Matic ní pọ́ǹpù kejì lẹ́yìn, tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń yí, wọ́n lè tì í kí ó jí. Àwọn tí wọ́n ṣe jíà lẹ́yìn náà yọ ọ́ kúrò.) Ohun tí ìwé yìí ń sọ nípa rẹ̀ ni kíkú iná ìdarí jíà nìkan: wáyà tí ó já, fíúùsì tí ó jó, sọ́lẹ́nọ́ìdì tí ó kú, sẹ́ńsọ̀ tí kò sọ̀rọ̀ mọ́, tàbí ọpọlọ tí ó rí ohun tí kò yé e tí ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ gé iná kúrò.

3. Ojú mẹ́rin sọ́lẹ́nọ́ìdì méjì

Sọ́lẹ́nọ́ìdì tí ń yan jíà kò ní ju ipò méjì lọ: ó gba iná, tàbí kò gbà á. Sọ́lẹ́nọ́ìdì méjì lè fi ojú mẹ́rin hàn, gẹ́gẹ́ bí èso ọ̀pẹ̀lẹ̀ méjì ṣe lè ṣubú ní ọ̀nà mẹ́rin. (Ọ̀pẹ̀lẹ̀ gidi ní èso mẹ́jọ, ojú rẹ̀ sì jẹ́ 256, kò tíì sí ọkọ̀ tí ó nílò jíà tó bẹ́ẹ̀.) Ojú mẹ́rin tó fún jíà mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá kan wà. Bí babaláwo kò bá da ọ̀pẹ̀lẹ̀, ọ̀pẹ̀lẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Ti sọ́lẹ́nọ́ìdì kò rí bẹ́ẹ̀: bí ẹnikẹ́ni kò bá pàṣẹ fún un, ó ti sọ ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí ‘kò sí iná, kò sí iná’ jẹ́ ojú kan lára wọn. Jíà kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ojú yẹn. Èwo ni kí ó jẹ́?

Àwọn tí wọ́n ṣe jíà kò dáhùn bákan náà. Nínú 4L60-E, sọ́lẹ́nọ́ìdì A àti B jọ ń gba iná ní jíà kìíní. B nìkan ni ó ń gbà á ní ìkejì. Kò sí èyí tí ó ń gbà á ní ìkẹta. A nìkan ni ní ìkẹrin. Bí iná bá kú nígbà tí ọ̀pá wà ní D, jíà kẹta ni ọkọ̀ yóò há sí. Ilé-iṣẹ́ kan náà ni ó ṣe 4L80-E, tí ó jáde ní 1991 fún ọkọ̀ akẹ́rù àti àwọn ọkọ̀ ńlá, ṣùgbọ́n A nìkan ni ó ń gba iná ní jíà kìíní rẹ̀, kò sí èyí tí ó ń gbà á ní ìkejì, B nìkan ni ní ìkẹta, àwọn méjèèjì sì ni ní ìkẹrin. Èyí ń há sí jíà kejì. Nínú Toyota A140E, tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ Camry oní-sìlíńdà mẹ́rin láti ìparí àwọn ọdún 1980 títí dé àárín àwọn ọdún 1990, jíà kẹrin ni kò ń gba iná rárá. Ojú kan náà, ìtumọ̀ mẹ́ta. Kò sí èyí tí ó ṣèèṣì nínú wọn.

4. Ìdí tí kì í fi í ṣe jíà kìíní

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ronú sí ọ̀rọ̀ yìí lè sọ pé jíà kìíní ni ó yẹ, nítorí òun ni ó ń gbé ọkọ̀ kúrò lójú kan. Ìṣirò díẹ̀ yóò fi hàn pé ìdáhùn náà lè pa ènìyàn. Nínú 4L60-E, ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìgbà 3.06 kí ọ̀pá tí ó ń lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó yí ní ẹ̀ẹ̀kan ní jíà kìíní. Ní jíà kẹta, ọ̀kan sí ọ̀kan ni. Ní jíà kẹrin, 0.70 ni. Bí ọkọ̀ bá ń sáré ní òpópónà ní jíà kẹrin, tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìgbà 2,000 ní ìṣẹ́jú kan, tí wáyà wá já, tí sípíríǹgì sì gbé e bọ́ sí jíà kìíní, ẹsẹ̀ ọkọ̀ yóò fẹ́ fi tipátipá yí ẹ́ńjìnnì ní nǹkan bí ìgbà 8,700 ní ìṣẹ́jú náà. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n so mọ́ irú jíà bẹ́ẹ̀ kò ní lè gbà á. Kí ó tó fọ́ pàápàá, ẹsẹ̀ tí ń wa ọkọ̀ lè dì, kí ọkọ̀ sì yọ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ jíà kẹta ni ó bọ́ sí, nǹkan bí 2,900 ni yíyí ẹ́ńjìnnì yóò dé. Awakọ̀ yóò gbọ́ ariwo, ara rẹ̀ yóò já, yóò sì rọra yà sí ẹ̀bá ọ̀nà.

Bí ó bá jẹ́ ààbò lórí eré nìkan ni wọ́n ń wá, jíà tí ó ga jù ni ìbá dára jù. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó ti dúró ní láti tún gbéra, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di ìjà láàrin ohun rere méjì. Ní jíà kẹta 4L60-E, ìdá mẹ́ta agbára tí jíà kìíní ń fún ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni ẹsẹ̀ náà yóò rí gbà. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ó tó. Lórí òkè, pẹ̀lú èrò márùn-ún àti ẹrù, ó lè má tó. Nínú 4L80-E, jíà kejì jẹ́ 1.48, ìkẹrin sì jẹ́ 0.75; bíbọ́ láti ìkẹrin sí ìkejì yóò sọ yíyí ẹ́ńjìnnì di nǹkan bí ìlọ́po méjì. Ìyẹn le ju ti 4L60-E lọ, àmọ́ ọkọ̀ tí ó ru ẹrù tọ́ọ̀nù mélòó kan kò lè fi jíà kẹta gbéra lórí òkè. Ó bọ́gbọ́n mu kí ẹni tí ó ń ṣe jíà fún ọkọ̀ akẹ́rù gba ariwo ẹ́ńjìnnì dípò kí ọkọ̀ dúró sójú kan.

Kí ni ó tilẹ̀ jẹ́ kí ó ṣeé ṣe láti fi jíà kẹta gbéra? Nínú ọkọ̀ tí awakọ̀ ń fi ọwọ́ yí jíà rẹ̀, ẹni tí ó bá dán an wò yóò pa ẹ́ńjìnnì tàbí kí ó sun kílọ́ọ̀ṣì. Láàrin ẹ́ńjìnnì àti jíà adáyí ni kọ̀ǹfátà wà: bí igbá irin méjì tí wọ́n dojú kọ ara wọn nínú òróró, tí ọ̀kan ń bá ẹ́ńjìnnì yí, tí ó sì ń fọ́n òróró lu abẹ́ inú èkejì títí òun náà yóò fi máa yí. Kò sí irin tí ó so méjèèjì pọ̀, nítorí náà ọkọ̀ lè dúró kí ẹ́ńjìnnì má kú. Láfikún, abẹ́ kẹta tí ó wà láàrin wọn ń darí òróró padà lọ́nà tí agbára ìyípo ẹ́ńjìnnì yóò fi di nǹkan bí ìlọ́po méjì nígbà tí ọkọ̀ kò tíì gbéra. Ìlọ́po yẹn ni ó ń gba ọkọ̀ tí ó há sí jíà òkè sílẹ̀. Ooru ni iye owó rẹ̀: ohun tí kò di ìrìn di gbígbóná òróró. Ẹni tí ó bá fi jíà kẹta tàbí ìkẹrin wọ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí ó ń gbéra tí ó ń dúró fún wákàtí méjì, ń se òróró jíà rẹ̀ lórí iná ni.

Kọ̀ǹfátà fúnra rẹ̀ ní kílọ́ọ̀ṣì kan nínú tí ń so igbá méjèèjì pọ̀ lórí eré, kí epo má ba máa ṣòfò. Sọ́lẹ́nọ́ìdì kan ni ó ń pàṣẹ fún un. Níhìn-ín, kò sí àríyànjiyàn: láìsí iná, kílọ́ọ̀ṣì náà gbọ́dọ̀ tú, nítorí bí ó bá há ní síso, ẹ́ńjìnnì yóò kú ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró.

Ipá òróró náà ní ìdáhùn tirẹ̀. Nínú 4L60-E, sọ́lẹ́nọ́ìdì kan wà tí kì í ṣe ti ‘gbà’ tàbí ‘má gbà’; iná tí ó ń gbà ń lọ sókè sódò láàrin 0 àti 1.1 ámpíà, ó sì ń fi bẹ́ẹ̀ dín ipá òróró kù tàbí kí ó fi kún un. Ọ̀nà tí wọ́n gbà tò ó ni pé bí iná bá ṣe pọ̀ tó ni ipá òróró ń dín tó. Bí iná bá di òfo, ipá a di èyí tí ó ga jù. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ tí ó há fi máa ń ta gìrì nígbà tí wọ́n bá ti ọ̀pá láti N bọ́ sí D tàbí R. Ẹ̀rù a ba awakọ̀, a sì rò pé irin ti ń fọ́ nínú. Ṣùgbọ́n títa yẹn ni ó ń dáàbò bo jíà. Kílọ́ọ̀ṣì tí òróró fún pọ̀ gbagbagba kò ní yọ̀. Èyí tí òróró fún pọ̀ díẹ̀ ni yóò máa yọ̀, yíyọ̀ ni yóò sì sun ún. Láàrin ìnira èrò àti ikú kílọ́ọ̀ṣì, àwọn tí wọ́n ṣe é mú ìnira, ìpinnu náà kò sì ní àléébù.

5. Toyota A140E: ọ̀nà àbáyọ wà lọ́wọ́ awakọ̀

Ìdáhùn Toyota tọ́ sí àlàyé gígùn, nítorí pé ó jinlẹ̀ ju bí ó ṣe rí lójú lọ. Bí sọ́lẹ́nọ́ìdì méjèèjì bá kú, D ń fún ọkọ̀ ní jíà kẹrin, èyí tí kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá lórí eré. Ṣùgbọ́n nítorí pé ọ̀pá ṣì so mọ́ fáàfù rẹ̀, bí awakọ̀ bá fà á sí 2, ojú ọ̀nà òróró a yí padà, jíà kẹta a sì wọlé. Bí ó bá fà á sí L, jíà kìíní ni. Ọkọ̀ tí kò lè yí jíà fúnra rẹ̀ mọ́ ti di ọkọ̀ oníjíà mẹ́ta tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí: L láti gbéra, 2 láti sáré díẹ̀, D láti lọ. Awakọ̀ tí ó mọ èyí lè gun òkè kí ó sì dé ilé. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n yóò máa fi jíà kẹrin gbéra, yóò sì máa bú ọkọ̀. Ipá òróró pàápàá kò sí lọ́wọ́ iná nínú jíà yìí. Okùn irin kan láti ara tírótù ni ó ń wọ̀n ọ́n, nítorí náà kò yí padà nígbà tí wáyà bá já.

Bí ọ̀kan péré bá kú, ọpọlọ ṣì lè ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Àṣẹ jíà kìíní ni pé kí Nọ́ńbà 1 gba iná kí Nọ́ńbà 2 má gbà á. Ti ìkejì, kí méjèèjì gbà á. Ti ìkẹta, kí Nọ́ńbà 2 nìkan gbà á. Bí Nọ́ńbà 1 bá ti kú, àṣẹ jíà kìíní yóò di ‘kò sí, kò sí’, ìyẹn ni pé ọkọ̀ yóò fi jíà kẹrin gbéra. Kí èyí má ba ṣẹlẹ̀, ọpọlọ a fi iná sí Nọ́ńbà 2, ọkọ̀ a sì fi jíà kẹta gbéra. Bí Nọ́ńbà 2 ni ó kú, ewu rẹ̀ yàtọ̀. Jíà kìíní dára, ṣùgbọ́n àṣẹ jíà kejì yóò tún di ti kìíní. Ọkọ̀ tí ó wà lórí eré, tí ọpọlọ ní kí ó bọ́ sí jíà kejì, yóò já sí ìkíní, irú jàǹbá tí ìṣirò òkè yìí fi hàn. Nítorí náà ọpọlọ kò ní pàṣẹ jíà kejì mọ́ rárá. Láti ìkíní, fò ni yóò fò sí ìkẹrin. Ẹni tí kò mọ ìdí yóò sọ pé jíà kejì àti ìkẹta ti jóná.

Ti sẹ́ńsọ̀ eré kò le tó bẹ́ẹ̀. Méjì ni wọ́n fún ọkọ̀ náà. Bí èyí tí ó wà lára jíà bá dákẹ́, ọpọlọ a máa gba ìròyìn lọ́dọ̀ èyí tí ń fún mítà eré ní iṣẹ́. Nígbà tí sẹ́ńsọ̀ eré tàbí sọ́lẹ́nọ́ìdì tí ń yan jíà bá kú, iná ‘O/D OFF’ a máa ṣẹ́jú. Ìkìlọ̀ kan wà níbí tí àwọn ìwé kan kì í tẹnu mọ́ tó: wáyà nìkan ni irú ọpọlọ yìí ń yẹ̀ wò. Bí ìdọ̀tí bá dí ojú sọ́lẹ́nọ́ìdì tí wáyà rẹ̀ ṣì pé, ọpọlọ kò ní mọ nǹkan kan, iná kò ní ṣẹ́jú, jíà yóò sì máa ṣìṣe.

6. Mercedes-Benz 722.6

Jíà oní-márùn-ún tí Mercedes-Benz gbé jáde ní 1996, tí wọ́n pè ní 722.6, wá ọ̀nà láti bọ́ nínú ìjà ohun rere méjì tí ó wà lókè. Bí iná ìdarí bá kú lórí eré, jíà tí ọkọ̀ wà nínú rẹ̀ lásìkò náà ni yóò dúró sí. Ipá òróró ni ó ń dá fáàfù rẹ̀ dúró síbẹ̀. Kò sí jíjá lójijì. Bí awakọ̀ bá dúró, tí ó fi ọ̀pá sí P, tí ó pa ẹ́ńjìnnì, tí ó dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 10, tí ó sì tún un ṣí, ipá òróró ti lọ, sípíríǹgì ti dá fáàfù padà, D yóò sì fún un ní jíà kejì, R sì wà. Nínú èyí tí wọ́n so mọ́ ẹ́ńjìnnì ńlá, jíà kejì jẹ́ 2.19, ó sì tó láti gbé ọkọ̀ kúrò lójú kan láìsí wàhálà. Lójú ẹni tí ó bá fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wé ara wọn, èyí ni ó gún régé jù: ó fún ọkọ̀ tí ń sáré ní ohun tí ó tọ́ sí i, ó sì fún èyí tí ó dúró ní tirẹ̀. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé awakọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun ní láti pa ẹ́ńjìnnì. Bí kò bá pa á, jíà òkè tí ó há sí ni yóò fi máa gbéra.

Àìsàn tí ó wọ́pọ̀ lára rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí fún ohun tí ìwé yìí ń sọ. Síọ́ọ́bù tí wáyà gbà wọ inú jíà ní rọ́bà tí ń di gbígbẹ. Òróró a máa jò gba ibẹ̀, a sì máa fà lọ nínú wáyà bí epo ṣe ń fà nínú òwú fìtílà, títí yóò fi dé inú ọpọlọ tí ó jìnnà sí jíà. Ọpọlọ a dàrú, ọkọ̀ a sì há sí jíà kejì. Nínú jíà fúnra rẹ̀, kò sí ohun kan tí ó ṣe.

7. Ìdánwò

Ohun tí ó tẹ̀ lé gbogbo èyí ni pé ipò híhá kò wúlò fún dídé ilé nìkan. Ó wúlò fún àyẹ̀wò. Toyota fi ìdánwò kan sínú ìwé àtúnṣe wọn fún irú jíà A140E. Wọ́n yọ wáyà sọ́lẹ́nọ́ìdì kúrò pátápátá, kí ó lè dájú pé ọpọlọ kò lè dá sí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì wa ọkọ̀ náà lọ. Bí L bá mú jíà kìíní wá, tí 2 mú ìkẹta wá, tí D mú ìkẹrin wá, tí R àti P sì ṣe iṣẹ́ wọn, a jẹ́ pé ìdarí òróró ń dáhùn bí ó ti yẹ, pọ́ǹpù àti kílọ́ọ̀ṣì tí àwọn ipò wọ̀nyẹn ń lò sì ń ṣiṣẹ́. Ibi tí ó yẹ kí wọ́n wá àìsàn náà sí ni wáyà, sẹ́ńsọ̀, sọ́lẹ́nọ́ìdì tàbí ọpọlọ. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kọ̀, tàbí tí ó ń yọ̀, nígbà náà ni títú jíà tó di ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìdánwò, wọ́n ní láti pa àkọsílẹ̀ àìsàn tí yíyọ wáyà náà ti dá sílẹ̀ nínú ọpọlọ rẹ́, kí ó má ba tan ẹlòmíràn jẹ.

Ìdánwò yìí kò ná ẹnikẹ́ni ju àkókò lọ. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, níbi tí ọ̀pọ̀ Camry tí ó ní irú jíà yìí ti wọlé gẹ́gẹ́ bí tòkunbọ̀, tí iṣẹ́ mẹ́káníìkì jíà àti ti ẹni tí ń tún wáyà ṣe sì yàtọ̀ sí ara wọn, òun ni ó lè sọ ẹni tí ó yẹ kí olówó ọkọ̀ kọ́kọ́ lọ bá. Bí ó bá kọ́kọ́ lọ bá ẹni tí ń tú jíà, jíà ni yóò tú.

Ìdánwò náà ní ààlà. Kò sọ nǹkan kan nípa jíà kejì, nítorí kò sí ipò ọ̀pá tí ń mú un wá láìsí iná. Kò sì ṣeé lò bẹ́ẹ̀ fún gbogbo jíà: ẹni tí ó bá retí ìkẹrin ní D lára 4L60-E yóò dá jíà tí ara rẹ̀ le lẹ́bi, nítorí ìkẹta ni tirẹ̀. Ìwé jíà kọ̀ọ̀kan ni ó ń sọ ohun tí ojú ‘kò sí, kò sí’ túmọ̀ sí nínú rẹ̀.

Láti 2001 wá, nǹkan mìíràn tún ti dé. ZF ilẹ̀ Jámánì ṣe jíà oní-mẹ́fà kan, 6HP26, tí ó kọ́kọ́ jáde nínú ọkọ̀ BMW 7. Wọ́n gbé ọpọlọ wọ inú jíà, ó wà nínú òróró pẹ̀lú àwọn fáàfù. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n lo jíà yìí ṣì fi okùn irin so ọ̀pá mọ́ ọn. Nínú BMW 7 yẹn, wọn kò so ó. Ọ̀pá kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdarí kò ju bọ́tìnnì lọ. Ó ń bẹ ọpọlọ ni, kò fa fáàfù kankan. Fáàfù ọwọ́ awakọ̀, tí ó wà láti ìgbà Hydra-Matic, tí ó gbé Camry tí wáyà rẹ̀ já délé, kò sí níbẹ̀ mọ́. Sípíríǹgì ṣì wà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n fi rán an: bí iná bá kú pátápátá, òun ni yóò ti ọkọ̀ mọ́ P. Ipá òróró, pẹ̀lú àṣẹ iná, nìkan ni ó lè tú u. Wọ́n fi okùn ìtúsílẹ̀ kan pamọ́ síbi ẹsẹ̀ awakọ̀. Bí wọ́n bá fà á, ẹsẹ̀ ọkọ̀ yóò lè yí, wọn yóò sì lè tì í kúrò lójú ọ̀nà.